Àyẹ̀wò jíìnì fún ọmọ tó ní autism: bí ẹ ṣe máa ṣe é tí kò fi ní dìjà, tí kò sì ní fowó ṣòfò

Tí wọ́n bá ti ní ọmọ kan ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe lè ṣòro fún un, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ẹbí ni pé "ìdílé ta ló ti wá?" Ìyá ọkọ á ní kò sírú ẹ̀ nílé àwọn, ẹbí ìyàwó náà á ní kò sírú ẹ̀ lọ́dọ̀ tàwọn, ìyá ọmọ á wá wà láàárín, gbogbo ojú á máa wò ó bíi pé òun ló jẹ nǹkan tí kò yẹ kó jẹ nígbà tó lóyún. Ní báyìí tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ lórí WhatsApp pé wọ́n ti rí jíìnì autism (jíìnì ni àwọn ìtọ́ni inú DNA ara wa, tí ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá), ìjà náà tún ti gba ọ̀nà míì, wọ́n á ní kí ọkọ àti ìyàwó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ká lè mọ ẹni tó gbé e wá. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa ṣe é síbí, torí pé àyẹ̀wò yìí wúlò gan-an fún àwọn ìdílé kan, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn míì láìfún wọn ní nǹkan kan, ohun tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ kí ẹ tó débẹ̀ ló máa pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ máa rí gbà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ genotype kúrò lọ́kàn

Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ genotype dáadáa, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ò tiẹ̀ ní so yín pọ̀ tẹ́ ò bá mú èsì ẹ̀ wá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ jíìnì, AS àti SS ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Sickle cell, jíìnì kan ṣoṣo ló wà nídìí ẹ̀, tí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà jẹ́ AS, gbogbo wa la mọ ìṣirò ẹ̀, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Autism ò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 yẹ DNA àwọn èèyàn tó lé ní 35,000 wò, àwọn tó ní autism nínú wọn sún mọ́ 12,000, jíìnì 102 ni wọ́n rí tó lọ́wọ́ sí i, iye yẹn sì ti lé sí i látìgbà náà, síbẹ̀ kò sí ìkankan nínú wọn tẹ́ ẹ máa bá lára ju bí ẹnì kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní autism. Orúkọ wọn máa ń dún bíi nọ́ńbà mọ́tò, CHD8, SHANK3, SCN2A, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Ọ̀nà tí jíìnì ń gbà lọ́wọ́ sí i jẹ́ oríṣi mẹ́ta, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fún yín. Àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké kan wà nínú DNA tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ní díẹ̀ nínú wọn, èmi ni, ẹ̀yin ni, pásítọ̀ yín ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò lè dá nǹkan ṣe, àfi tí púpọ̀ nínú wọn bá pàdé lára ọmọ kan, díẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá, díẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá. Apá tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, kò sì sí tẹ́ẹ̀sì hósípítù tó máa fi í hàn yín. Oríṣi kejì ni àyípadà ńlá kan tó ti wà lára bàbá tàbí ìyá kó tó kan ọmọ, bíi fragile X tí mò ń bọ̀ wá sórí ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò sí lára bàbá tí kò sí lára ìyá, inú àtọ̀ tàbí ẹyin tó di ọmọ yẹn gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ń bí láyé ló ní irú àyípadà tuntun bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò sì ṣe nǹkan kan, àmọ́ tí ọ̀kan bá bọ́ sórí jíìnì tí ọpọlọ nílò, á hàn lára ọmọ. Lọ́dún 2012 àwọn tó ṣèwádìí ní Iceland rí i pé bí ọjọ́ orí bàbá ṣe ń fi ọdún kan kún un, nǹkan bí àyípadà tuntun méjì ló ń kún ti ọmọ tó máa bí, nítorí náà ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń sọ pé obìnrin ló ń gbé nǹkan wọlé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ ìyẹn.

Ẹni tó bá ṣì ń ní ìyá ló fà á, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìbejì fún un. Nígbà tí Leo Kanner, dókítà ọpọlọ ọmọdé, kọ̀wé nípa autism ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1943, ó pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí àwọn dókítà fi ń sọ pé ìyá tí kò kó ọmọ mọ́ra ló ń fà á, ẹ̀sùn burúkú tó ba ayé ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́. Lọ́dún 1977 ni àwọn olùwádìí méjì, Susan Folstein àti Michael Rutter, gbé ìwádìí jáde ní London lórí ìdílé 21 tó bí ìbejì, tí ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní autism. Nínú 11 tó jẹ́ pé ẹyin kan ló pín sí méjì, mẹ́rin wà tí Táíwò àti Kẹ́hìndé ti jọ ní in, nínú 10 tó jẹ́ pé ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sí ìkankan. Ilé kan náà, ọmú kan náà, ìyá kan náà. Tó bá jẹ́ pé ìyá ló fà á ni, kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹyin kan àti ẹyin méjì. Ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ fíìfíì jáde lọ́dún 2019, ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní Denmark, Finland, Sweden, Ísírẹ́lì àti apá ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 80% nínú ohun tó ń jẹ́ kí ẹnì kan ní autism tí ẹlòmíì ò ní in, jíìnì ni. Ẹ má kà á sí pé ọmọ tẹ́ ẹ máa bí ní 80% láti ní in o, ọ̀rọ̀ nípa ìyàtọ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀ èèyàn nìyẹn, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ lórí oyún kan. Ti àwọn tó ń sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fa autism náà, ìwé tí dókítà kan tó ń jẹ́ Andrew Wakefield kọ lọ́dún 1998, tí ọ̀rọ̀ yẹn ti tàn kálẹ̀, ni wọ́n ti fagi lé lọ́dún 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Denmark wo ọmọ 657,461, wọn ò rí i pé abẹ́rẹ́ measles fa autism. Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ yín.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ò gbówó: ẹ kọ ìtàn ìdílé sílẹ̀

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ẹ mú ìwé, ẹ kọ àwọn ẹbí lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ yín, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín, àwọn òbí yín, àwọn òbí àgbà. Dókítà tó mọṣẹ́ máa bèèrè ẹ̀, ẹni tó bá sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń rí ìrànlọ́wọ́ tó pé gbà. Ibi tó le ni pé tẹ́ ẹ bá lọ bi màámà àgbà pé "ṣé ẹnì kankan ní autism nínú ìdílé wa", rárá ni wọ́n máa sọ, wọn ò sì purọ́, torí kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tiwọn. Wọ́n ní ẹ̀mẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n ní ó lẹ́gbẹ́ ọ̀run, wọ́n ní odi ni, wọ́n á mú ọmọ náà lọ sí abúlé, títí tí ẹnikẹ́ni ò fi ní dárúkọ ẹ̀ mọ́. Nítorí náà ohun tí ojú wọn rí ni kí ẹ bi wọ́n, kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn míì tán, lẹ́yìn náà kí ẹ ní "Màámi, nínú àwọn ọmọ Bàbá Àgbà, ta ló pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀? Ta ni gìrì ṣì ń mú nígbà tó ti dàgbà? Ta ni ìwé ò wọ̀ lórí rárá, tó sì jẹ́ pé kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ? Oyún mélòó ló bà jẹ́ lára Àǹtí?" Ọkọ ni kó lọ bi ìyá tiẹ̀, ìyàwó ni kó lọ bi ìyá tiẹ̀. Ẹ má rán ìyàwó lọ bi ìyá ọkọ nírú ìbéèrè yìí láé, ẹ̀sùn ló máa dà létí wọn.

Ìbéèrè méjì kan wà tó máa dà bíi pé kò kan ọmọ yín, àmọ́ ẹ bèèrè wọn dandan. Ṣé obìnrin kan wà nínú ìdílé tí nǹkan oṣù ẹ̀ dáwọ́ dúró kó tó pé ogójì ọdún? Ṣé bàbá kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ni ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ìrìn ẹ̀ sì ń ṣe tàgétàgé, tí kì í ṣe ọtí? Ìdí ni pé fragile X, tó wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ dáadáa pé ó ń fa autism, jíìnì kan tó ń jẹ́ FMR1 ló wà nídìí ẹ̀. Lẹ́tà DNA mẹ́ta kan, CGG, ló máa ń tún ara ẹ̀ sọ níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn kò tó ìgbà 45. Tó bá wà láàárín 55 sí 200, ẹni náà lè má ní ìṣòro ọpọlọ kankan, àmọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn obìnrin tó rí bẹ́ẹ̀ ni ẹyin wọn máa ń tètè dáṣẹ́ dúró, àwọn ọkùnrin ẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí wọ́n bá dàgbà. Tí ìyá tó rí bẹ́ẹ̀ bá wá bímọ, iye ìgbà yẹn lè fò sókè kọjá 200 lára ọmọ, jíìnì náà á kú pátápátá, ọmọ á wá ní fragile X. Ẹ wò ó, bàbá ìyá tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ní Ìbàdàn, àǹtí tí kò rí ọmọ bí tí gbogbo ayé ti fi ẹnu bà jẹ́, àti ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tíì sọ̀rọ̀ ní Peckham ní London, nǹkan kan náà lè wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó máa so wọ́n pọ̀ tí ẹ ò bá béèrè.

Ẹ tún wo ara ọmọ fúnra ẹ̀ dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ fún un. Àmì funfun ràbàtà tó dà bí ewé, tó tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá tí gìrì bá ń mú un, lè jẹ́ tuberous sclerosis, àìsàn jíìnì kan tó ń mú kókó hù nínú ọpọlọ àti kíndìnrín. Orí tó tóbi gan-an ju ti ọjọ́ orí ẹ̀ lọ lè jẹ́ kí dókítà fẹ́ wo jíìnì PTEN. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ mú un dání.

Tẹ́ẹ̀sì wo lẹ máa bèèrè

Ẹ kọ́kọ́ bá ọkọ tàbí aya yín sọ ọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ jáde. Ní Nàìjíríà, tẹ́ ẹ bá ti ní DNA, ohun tí ọkùnrin máa gbọ́ ni "ṣé èmi ni mo lọmọ", ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe ìyẹn lẹ wá wò. Àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ ni pé tí wọ́n bá yẹ bàbá, ìyá àti ọmọ wò pa pọ̀, tí bàbá náà kì í bá ṣe òun ló bí ọmọ, ó lè hàn. Ẹni tó bá ní nǹkan tó ń bò mọ́lẹ̀, kó lọ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lóun nìkan kó sì sọ ọ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, kó bèèrè ohun tí wọ́n máa kọ àti ohun tí wọn ò ní kọ sínú èsì.

Tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ló wà. Microarray máa ń wò bóyá ègé kan já kúrò tàbí ó di méjì lórí kromosóòmù, ìyẹn okùn tí àwọn jíìnì tò sí, bíi ibi tí wọ́n ń pè ní 16p11.2. Tẹ́ẹ̀sì fragile X, ọ̀tọ̀ ni, microarray ò lè rí i, nítorí náà tí wọ́n bá ní "a ti ṣe jíìnì ẹ̀", ẹ bèèrè pé ṣé fragile X wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni exome, tó ń ka apá tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo jíìnì, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, èyí sì máa ń dáa jù tí wọ́n bá ka ti bàbá àti ìyá mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé ẹ jẹ́ ìdá báyìí Yorùbá ìdá báyìí Benin, kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má rà á nítorí autism.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ibẹ̀ ti sọ pé kí wọ́n fi àyẹ̀wò yìí lọ gbogbo òbí ọmọ tó ní autism, nítorí náà tí dókítà yín ò bá dárúkọ ẹ̀, ẹ̀yin ẹ dárúkọ ẹ̀. Ní Britain, NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, kì í ṣe é fún gbogbo ọmọ, wọ́n máa ń wò ó tí ọmọ bá tún ní ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́ tó lágbára, tàbí tí ojú àti ara ẹ̀ bá ní àwọn àmì kan, ibẹ̀ ni ìwé ìtàn ìdílé tẹ́ ẹ kọ máa ti ṣiṣẹ́, ẹ gbé e síwájú GP, dókítà àdúgbò yín. Ní Nàìjíríà, dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó, lẹ máa kọ́kọ́ rí, ọ̀pọ̀ ìgbà òkèèrè ni wọ́n máa ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí, àpò yín lowó ẹ̀ sì ti máa jáde. Tí owó bá há, tí ọmọ ò ní gìrì, tí kò sí àmì lára ẹ̀, tí ìtàn ìdílé ò sì fi nǹkan kan hàn, èmi ò ní sọ pé kí ẹ ta ilẹ̀ nítorí exome. Ẹ fowó yẹn sanwó ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ìwádìí kan ní Kánádà lọ́dún 2015 lórí ọmọ 258, nínú àwọn tó ṣe microarray àti exome, 15.8% péré ni wọ́n rí ìdáhùn fún, iye yẹn sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lára àwọn ọmọ tí ara wọn ní àmì tó hàn.

Bí ẹ ṣe máa ka èsì

Mẹ́ta ni èsì lè jẹ́. Wọ́n rí nǹkan, wọn ò rí nǹkan, tàbí wọ́n rí ìyàtọ̀ kan tí wọn ò lè sọ bóyá òun ló fà á, VUS ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Tí wọn ò bá rí nǹkan, autism ọmọ yín ṣì jẹ́ autism, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sọ pé ọwọ́ ayé ni. VUS ló máa ń da òbí láàmú jù, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì máa ń gbà á jù, ohun tó fà á dùn mí gan-an. Tí lab bá rí ìyàtọ̀ kan, wọ́n á wò ó bóyá ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí ara wọn le, àmọ́ DNA àwọn òyìnbó ló kún inú àkójọ tí wọ́n fi ń wò ó. Nígbà tí wọ́n kà á lọ́dún 2019, nǹkan bí 2% péré ni àwọn tí ìran wọn wá láti Áfíríkà nínú àwọn tó kópa nínú ìwádìí ńlá lórí jíìnì. Nítorí náà ohun tó lè wọ́pọ̀ lára àwọn ará Ìjẹ̀bú lè jẹ́ àjèjì pátápátá sí lab kan ní ìlú òyìnbó. Tẹ́ ẹ bá gba VUS, ẹ má fi ṣe ìpinnu kankan lórí oyún tàbí lórí oògùn, ẹ bèèrè pé ṣé wọ́n lè yẹ bàbá àti ìyá wò fún nǹkan kan náà, tó bá wà lára bàbá tí ara ẹ̀ le, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun.

Tí wọ́n bá rí nǹkan, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tuberous sclerosis á ní kí wọ́n máa yẹ kíndìnrín àti ọpọlọ wò láti ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n sì tètè mójú tó wárápá. PTEN á ní kí wọ́n máa wo ọrùn ọmọ nítorí jẹjẹrẹ tairọ́ìdì. SCN2A lè yí irú oògùn wárápá tí dókítà máa kọ padà. Ẹ béèrè ní tààrà: "Dókítà, pẹ̀lú èsì yìí, kí ló yẹ ká máa yẹ̀ wò lára ọmọ yìí lọ́dọọdún?"

Àti ọ̀rọ̀ oyún míì, èyí tí tọkọtaya máa ń bèèrè ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2024 fi hàn pé ọmọ tó bá ní ẹ̀gbọ́n kan tó ní autism, nǹkan bí 20% ló máa ń ní in, tí ẹ̀gbọ́n tó ní in bá ju ọ̀kan lọ, ó lè dé nǹkan bí 37%. Ti ọkùnrin pọ̀ ju ti obìnrin lọ. Àmọ́ tẹ́ẹ̀sì lè yí ìṣirò yẹn padà fún ilé yín: tó bá jẹ́ àyípadà tuntun tí kò sí lára bàbá àti ìyá ló fà á, pé irú àyípadà kan náà á tún ṣẹlẹ̀, ó kéré gan-an, nǹkan bí 1%, tó bá sì jẹ́ fragile X ni, kì í ṣe ìyá nìkan ló kàn, àwọn àbúrò ẹ̀ obìnrin tí wọn ò tíì bímọ náà yẹ kó gbọ́.

Tí àwọn olùwádìí bá ní kí ẹ wá

Ìwádìí yàtọ̀ sí ìtọ́jú o. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan lórí jíìnì autism tó ń jẹ́ SPARK bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, wọ́n máa ń fi ike itọ́ ránṣẹ́ sílé láìgbowó, tí wọ́n bá rí jíìnì tó dájú wọ́n á sọ fún yín. Ìwádìí míì tó ń jẹ́ NeuroDev ti gba DNA àwọn ọmọ ní Kenya àti South Africa, inú mi dùn sí ìyẹn. Mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú irú ìwádìí báyìí, torí ìyẹn nìkan ló máa dín VUS kù, àmọ́ kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ojú wọn méjèèjì. Ní Britain, ìwádìí kan tó ń jẹ́ Spectrum 10K fẹ́ gba DNA ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn tó ní autism, wọ́n kéde ẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2021, kí oṣù kẹsàn-án tó parí wọ́n ti dá a dúró, torí àwọn tó ní autism fúnra wọn dìde, wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn léèrè dáadáa, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ iwájú ẹnì kan lè lò ó láti fi dènà bíbí irú wọn. Ọ̀rọ̀ wọn tọ́ sí gbígbọ́.

Ẹ béèrè kí ẹ tó buwọ́ lùwé: ibo ni itọ́ ọmọ mi ń lọ? ta ló tún máa lò ó? ṣé ilé iṣẹ́ tó ń tajà lè rà á? tí mo bá ní mi ò ṣe mọ́, kí lẹ máa pa rẹ́ àti kí lẹ ò lè pa rẹ́? ṣé ẹ máa sọ èsì fún mi? ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí i? Ní Nàìjíríà ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, òfin ààbò dátà ọdún 2023 sì wà. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, òfin GINA ọdún 2008 ò gba ilé iṣẹ́ tó gbà yín síṣẹ́ àti ti ìnṣọ́ránsì ìlera láyè láti fi jíìnì yín ṣe yín níkà, àmọ́ kò dé orí ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí. Tí ọmọ bá sì ti dàgbà tó láti lóye, òun gan-an ni kẹ́ ẹ bi. Ara tiẹ̀ ni.

Ẹni tó bá sọ pé òun máa tún jíìnì autism ṣe fún yín ní klíníkì kan, ẹ má fún un lówó, kò sí ìtọ́jú jíìnì kankan tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún autism, wọn ò sì fọwọ́ sí ìtọ́jú stem cell náà fún un. Omi tí wọ́n ń pè ní MMS, tí àwọn kan ń tà bí oògùn autism, bleach ni, ó lè pa ọmọ. Àdúrà, ẹ gbà á, kò sí ìjà láàárín àdúrà àti dókítà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ tàbí fi ebi pa á lórúkọ ìtúsílẹ̀.

Ẹ má dá ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ilé ìwé tàbí ìtọ́jú dúró nítorí ẹ ń retí èsì, ó lè tó oṣù bíi mélòó kan. Tí èsì bá dé, ẹ gba ẹ̀dà ẹ̀ lódindi, kì í ṣe ojú ewé kan tí wọ́n kọ "normal" sí, ẹ tún ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù àti sínú email, torí fáìlì máa ń sọnù ní hósípítù. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, ẹ padà lọ bá wọn kí ẹ sì ní kí wọ́n tún dátà exome tó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ lab lè ṣe é láìtún gba ẹ̀jẹ̀, torí jíìnì tí wọn ò mọ̀ nígbà yẹn lè ti wà nínú àkójọ wọn báyìí.